Linux, géèmù ọgbọ́n-orí, àti ìpín kékeré nínú ọjà: ìdáhùn sí ìbéèrè òǹkàwé kan

Ẹ kọ̀wé pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbá géèmù ọgbọ́n-orí lórí Windows, ìyẹn àwọn géèmù strategy tí ènìyàn fi ń tẹ ìlú dó, tó fi ń kó ọmọ ogun jọ, tó sì fi ń bá ìjọba mìíràn dọ́rẹ̀ẹ́ tàbí kó gbógun tì í. Ẹ fẹ́ kúrò lórí Windows kí ẹ bọ́ sórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún yín pé ìpín Linux nínú ọjà géèmù kéré débi pé kò sí olùṣe géèmù tó ń kà á sí, àti pé kété tí ẹ bá ti kó lọ, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara yín nìyẹn. Ohun tí ẹ wá ń béèrè ni pé ṣé òótọ́ ni, àti pé kí ni kí ẹ ṣe bó bá jẹ́ òótọ́.

Òótọ́ ni pé ìpín náà kéré. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé kíkéré rẹ̀ yóò mú kí géèmù wọ́n yín. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ tí géèmù jáde ni kíkéré ìpín Linux máa ń ṣe ìpalára. Ọdún kẹta tàbí ọdún kẹrin ni, nígbà tí àtúnṣe kẹwàá ti jáde, tí àfikún kẹfà wà lọ́nà, tí àwọn tí wọ́n gbéṣẹ́ fún láti mú un dé orí Linux sì ti bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Nínú gbogbo oríṣi géèmù, ti ọgbọ́n-orí wà lára àwọn tí ẹ̀mí wọn máa ń gùn jù lọ, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹ̀yin ju ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye náà fúnra rẹ̀. Èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni ìwádìí tí Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, ìyẹn ilé-ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe lóṣooṣù nípa kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń lo Linux nínú ìwádìí náà kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Linux kọjá macOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó kọjá ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe gbára lé oṣù kan ṣoṣo nínú ìwádìí yìí o, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá bi ló ń dáhùn, ẹni náà sì lè kọ̀. Bí àwọn tó ń lo èdè Ṣáínà bá pọ̀ lójijì nínú àwọn tí wọ́n bi lóṣù kan, ìpín Linux á já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa Linux tì. Bí iye náà ṣe ń rìn láti ọdún dé ọdún ni kí ẹ máa wò.

Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe nǹkan ńlá létí. Ṣùgbọ́n Valve sọ pé ní ọdún 2021, àwọn tó ń wọ Steam lóṣù tó mílíọ̀nù 132, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn. Ọ̀pọ̀ géèmù ọgbọ́n-orí tó gbayì ni kò rí mílíọ̀nù mẹ́rin tà láyé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ènìyàn lórí Linux kò ṣírò dáadáa.

Olùṣe géèmù kì í sì í fi iye ènìyàn nìkan ṣe ìṣirò. Ohun tó ń wò ni iye tó máa wọlé ní ìfiwéra pẹ̀lú wàhálà tó máa bá a wá, ibẹ̀ sì ni àwọn ìtàn ti takora. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Planetary Annihilation, géèmù ogun tí gbogbo ènìyàn ti ń gbé ìgbésẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sọ ní gbangba pé àwọn oní-Linux kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún àwọn tó ra géèmù náà, síbẹ̀ àwọn ló ni ohun tó ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìròyìn géèmù tó kú lójijì àti ẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan yóò ní kí Linux máa lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, ẹni tó ṣe ΔV: Rings of Saturn, géèmù ọkọ̀ òfuurufú inú sánmà, gbé ìṣirò tirẹ̀ náà jáde: nínú ẹ̀dà tó lé ní 12,000 tó tà, nǹkan bíi 700 ni àwọn oní-Linux rà, nínú ìròyìn àléébù 1,040 tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan bíi 400 ló wá láti ọwọ́ wọn. Bí a bá dúró síbí, ẹjọ́ kan náà ni. Àmọ́ nígbà tó tú wọn wò, mẹ́ta péré nínú 400 yẹn ló jẹ́ àléébù tó kan Linux nìkan. Gbogbo ìyókù ló wà lórí Windows pẹ̀lú, àwọn oní-Windows ni kò sọ ọ́.

Mo gba ìtàn méjèèjì gbọ́, mi ò sì rí i pé ọ̀kan pa èkejì. Planetary Annihilation jáde ní ọdún 2014, ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ìyẹn kóòdù ìpìlẹ̀ tó ń gbé géèmù ṣiṣẹ́, tí wọ́n kọ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ káàdì gíráfíìkì ní àkókò tí driver wọn lórí Linux, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí káàdì náà àti kọ̀ǹpútà gbọ́ ara wọn, ṣì ń ṣe ségesège. Ẹni náà fúnra rẹ̀ sọ pé driver ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà ọ̀hún. ΔV ní tirẹ̀ dúró lórí Godot, ẹ́ńjìnnì tí ọwọ́ púpọ̀ ti dán wò lórí Linux ṣáájú rẹ̀. Ohun tí olùṣe géèmù lè rí kọ́ ni pé ohun tó fi kọ géèmù ló ń sọ bí Linux yóò ṣe wọ́n an tó, ju bí àwọn tó ń lò ó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ owó yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, géèmù ọgbọ́n-orí ló sì ṣáájú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1998, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Loki Software sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa gbé géèmù Windows wá sórí Linux fún títà, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé wá, ní ọdún 1999, ni Civilization: Call to Power. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Railroad Tycoon II, Heroes of Might and Magic III àti Alpha Centauri tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó pé géèmù ìrònú ni gbogbo wọn. Ọjà kò tó láti bọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì kógbá sílé ní oṣù Kìíní ọdún 2002. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni SDL, àkójọ kóòdù tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Sam Lantinga, dá sílẹ̀, tó ń jẹ́ kí géèmù kan náà lè bá kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, ohùn àti kíbọ́ọ̀dù. Àìmọye géèmù ló sì ń lò ó títí di òní.

Lẹ́yìn tí Steam dé orí Linux ní oṣù Kejì ọdún 2013, irú iṣẹ́ tí Loki ṣe padà wá, oríṣi ọ̀nà méjì ló sì gbà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì ló gbé ìdáhùn mi ró.

Ọ̀nà kìíní ni ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà Linux fúnra rẹ̀, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà Windows. Paradox ní Sweden ni àpẹẹrẹ tó yé ènìyàn jù. Europa Universalis IV jáde lórí Linux lọ́jọ́ kan náà tó jáde lórí Windows ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Bẹ́ẹ̀ náà ni Stellaris àti Hearts of Iron IV ní 2016, Crusader Kings III ní 2020, àti Victoria 3 ní 2022. Europa Universalis IV ṣì ń gba àfikún tuntun ní ọdún 2024, ọdún kọkànlá lẹ́yìn tó jáde. Nígbà tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀dà, ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde fún oní-Windows ni oní-Linux náà ń rí i, àwọn méjèèjì sì lè pàdé nínú géèmù kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà kejì ni ti ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Aspyr ló gbé Civilization V wá sórí Linux ní 2014. Feral Interactive ló gbé XCOM: Enemy Unknown wá lọ́dún kan náà, òun náà ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù Total War wá. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, mi ò sì ní fi ẹnu kékeré pe wọ́n. Ṣùgbọ́n Empire: Total War tó jáde lórí Windows ní 2009 kò dé orí Linux títí di ìparí 2014, Civilization VI tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 sì dé ní oṣù Kejì ọdún 2017. Pípẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò burú, a lè fara dà á. Èyí tó ń dunni ni pé gbogbo àtúnṣe tó bá tẹ̀ lé e ni ẹni tó gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tún gbé wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tún dán an wò lórí káàdì oríṣiríṣi, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀dà Linux ti rà á tán, owó tuntun kò sì wọlé mọ́. Géèmù ìbọn tí wọ́n ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lè gba àtúnṣe mẹ́ta péré láyé rẹ̀. Géèmù ọgbọ́n-orí máa ń gba àtúnṣe fún ọdún mẹ́wàá. Nínú gbígbá géèmù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tó bá yàtọ̀ síra kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà bí ti Linux bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ kò fi ní lè bá àwọn ọ̀rẹ́ yín tó wà lórí Windows gbá a.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni Valve gbé Proton jáde, láti ìgbà náà sì ni ìbéèrè nípa ẹ̀dà Linux ti yí padà. Ògbufọ̀ ni Proton. Géèmù Windows ń sọ èdè Windows, Proton sì ń gbọ́ ohun tó ń béèrè, ó ń sọ ọ́ fún Linux ní èdè tí Linux gbọ́, ó sì ń dá èsì padà. Wine, tí wọ́n ti ń kọ láti ọdún 1993, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. DXVK sì ni apá tó ń túmọ̀ Direct3D, èdè àwòrán Windows, sí Vulkan, èdè àwòrán tí Linux náà gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ géèmù ni ògbufọ̀ yìí ń dá sí. Ìṣirò lásán, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kí àyè yín, ìyẹn ìgbà tó kàn yín láti gbé ìgbésẹ̀, parí, tí ọgbọ̀n ìjọba tí kọ̀ǹpútà ń darí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí wọ́n máa ṣe, tààrà ló ń lọ sórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bó ṣe ń lọ lórí Windows. Níwọ̀n bí ìṣirò yẹn ti jẹ́ apá tó wúwo jù nínú géèmù ọgbọ́n-orí, ohun tí ẹ máa pàdánù sọ́wọ́ ògbufọ̀ kéré ju ti ẹni tó ń gbá géèmù tí àwòrán ń sáré nínú rẹ̀ lọ.

Àǹfààní kejì tí ẹ ní ni ti àwọn ètò tó ń ṣọ́ oníjìbìtì. Lára ohun tó ń lé àwọn oní-Linux kúrò nínú géèmù ìbọn ńláńlá ni ètò tó ń wọ inú gbùngbùn Windows láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń ṣe màkàrúrù, èyí tí Proton kò lè ṣe àfarawé rẹ̀. Ní ọdún 2021, Easy Anti-Cheat àti BattlEye gbà láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Proton, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùṣe géèmù kọ̀ọ̀kan ló kù sí láti ṣí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ṣí i. Géèmù ọgbọ́n-orí kì í sábà ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí kálukú ń dúró de àyè tirẹ̀ kó tó gbé ìgbésẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé nínú gbogbo àwọn tó ń ronú láti kó lọ sí Linux, ẹ̀yin wà lára àwọn tí ọ̀nà ṣí fún jù lọ.

Ibi tí ẹ ti lè fẹsẹ̀ kọ ni gbígbá géèmù ogun pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù tí gbogbo ènìyàn ti ń gbé ìgbésẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í fi ipò ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, nítorí pé wọ́n ti pọ̀ jù. Àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: lágbájá ní kí àwọn tafàtafà rẹ̀ lọ síbí, tàmẹ̀dò ní kí wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò wá ṣírò gbogbo ìyókù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èsì kan náà ni gbogbo wọn máa ní. Bí ìṣirò kan bá yàtọ̀ ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn lẹ́yìn ààmì ìdá, ọfà tó kan ọmọ ogun lórí kọ̀ǹpútà yín lè tàsé rẹ̀ lórí ti ẹnìkejì. Ọmọ ogun tó kú lọ́dọ̀ yín ṣì ń jà lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí géèmù yóò fi kéde pé ẹ kò sí nínú ayé kan náà mọ́, tí yóò sì já yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Age of Empires II: Definitive Edition nìyẹn. Géèmù náà ń ṣí lórí Proton, ó ń sáré dáadáa, ẹ sì lè dá a gbá láti àárọ̀ di alẹ́ láìrí àléébù kankan. Àmọ́ tí ẹ bá ti bá oní-Windows wọ inú rẹ̀, ó lè já yín láàárín eré. Wọ́n rí i pé ucrtbase.dll ló fà á, fáìlì kan nínú èyí tí díẹ̀ lára iṣẹ́ ìṣirò Windows wà: ẹ̀dà tí Wine kọ fúnra rẹ̀ àti ti Microsoft kì í mú èsì kan náà jáde títí dé nọ́ńbà ìkẹyìn. Ohun tí àwọn tó ń gbá a ṣe ni pé wọ́n gbé fáìlì ti Microsoft sínú system32 tó wà nínú fódà géèmù náà ní compatdata, níbi tí Steam ń kó àwọn fáìlì Windows tí Proton ń lò fún géèmù kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n mọ ojútùú rẹ̀, kò sì gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á kàn sọ pé Linux ò dáa ni. Ẹ̀dà tí wọ́n kọ fún Linux gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí o. Òun ni ìdí kan tí àwọn ẹ̀dà Total War kan tí Feral gbé jáde fi ń jẹ́ kí oní-Linux bá oní-Mac gbá a, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n bá oní-Windows gbá a.

Ọ̀rọ̀ mod náà tún ń bẹ, ìyẹn àyípadà tí àwọn tó ń gbá géèmù fúnra wọn ṣe sí i, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn géèmù Paradox tí kò ní mod bíi mẹ́wàá. Lórí Windows, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò yàtọ̀ nínú orúkọ fáìlì. Lórí Linux, wọ́n yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹni tó ṣe mod bá kọ gfx/Flags síbi kan nígbà tí fódà náà ń jẹ́ gfx/flags, géèmù rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ lórí Windows láìní ìṣòro, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀dà Linux gbogbo àsíá á pòórá. Ẹ wọ inú .local/share/Paradox Interactive, ẹ wá mod náà, kí ẹ sì tún orúkọ fódà náà kọ bó ṣe wà nínú kóòdù. Proton kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ó ń ṣe bíi Windows nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà.

Èyí ló mú mi dé orí ohun tí àwọn kan máa bá mi jiyàn lé lórí. Bí géèmù kan bá ní ẹ̀dà Linux, tó sì tún ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ Proton, èwo ni kí ẹ lò? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wo ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà Linux náà. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀ ni, tí àtúnṣe rẹ̀ sì ń dé lọ́jọ́ kan náà, ẹ lò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn, tí àtúnṣe tó kẹ́yìn tó gbà sì ti di ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì yan Proton. Nínú Steam, ẹ tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, kí ẹ sì fa ààmì sí ibi tó ti ní kí ẹ yan irinṣẹ́ Proton fúnra yín. Steam á yọ ẹ̀dà Linux kúrò, á sì gbé ti Windows wá. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ kó àwọn eré tí ẹ ti fi pamọ́ sí ibòmíràn ná, torí pé kì í ṣe fódà kan náà ni ẹ̀dà méjèèjì ń wò.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ń lo Proton ń dín ìpín Linux kù, pé olùṣe géèmù á máa rò pé oní-Windows ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí Valve ti gbé Proton jáde ni wọ́n ti sọ pé géèmù tí ẹ bá rà tí ẹ sì gbá lórí Linux, títà Linux ni wọn yóò kọ ọ́ sí nínú ìwé ìṣirò tí olùṣe géèmù ń rí. Ohun tí mo gbà pé òótọ́ ni pé Proton ti mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ kan rí i pé kò pọn dandan mọ́ láti náwó lórí ẹ̀dà Linux. Mi ò sunkún lórí ìyẹn. Ẹ̀dà Windows tó ń gba àtúnṣe lóṣooṣù sàn fún mi ju ẹ̀dà Linux tí wọ́n ti gbàgbé lọ. Àwọn tí agbára wọ́n ká a ṣì ń ṣe é: Civilization VII jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025 pẹ̀lú ẹ̀dà Linux lọ́jọ́ kan náà, Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí Valve ti ń tà láti 2022, tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀, sì jẹ́ ìdí kan tí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ fi tún bọ́gbọ́n mu.

Ohun kan wà tí ẹ̀dà Linux tòótọ́ lè ṣe tí Proton kò lè ṣe, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí ìdájọ́ mi má baà fì sápá kan. Factorio, tó jẹ́ ìbátan géèmù ọgbọ́n-orí, máa ń dúró díẹ̀ nígbà tó bá ń fi eré pamọ́, bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ kọ́ sínú rẹ̀ bá sì ti tóbi gan-an, ìdúró yẹn á máa bí ènìyàn nínú. Lórí Linux, ó lè pín ara rẹ̀ sí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ọ̀kan ń kọ eré náà sórí dísìkì, èkejì ń bá iṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Inú Linux fúnra rẹ̀ ni agbára láti pín ara ẹni báyìí wà, àwọn tó ṣe Factorio kàn lò ó ni, kò sì sí nínú ẹ̀dà Windows. Ẹ máa rí i nínú ètò rẹ̀ ní orúkọ non-blocking-saving. Ó ń jẹ memory o, ẹ má ṣe tan án sórí kọ̀ǹpútà tí memory rẹ̀ kò pọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn géèmù ọ̀fẹ́, nítorí pé ẹ kò béèrè wọn, ṣùgbọ́n ó máa jẹ́ àbùkù bí mi ò bá dárúkọ wọn rárá. Freeciv tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Aarhus ní Denmark jáde ní ọdún 1996, wọ́n sì ń gbá a títí di òní, The Battle for Wesnoth ti wà láti 2003, Warzone 2100 di ti gbogbo ènìyàn lẹ́yìn tí àwọn tó ni ín tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2004, 0 A.D. tú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2009. Ìpín ọjà kò kan àwọn wọ̀nyí, torí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí Linux. Bí ẹ bá fẹ́ ogun ńlá tí ọmọ ogun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń jà nínú rẹ̀, ẹ gbìyànjú Beyond All Reason kí ẹ tó lọ ná owó síbì kankan.

Ní ti bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀: kí ẹ tó yọ Windows kúrò, ẹ kọ orúkọ géèmù mẹ́wàá tí ẹ ń gbá jù sílẹ̀, kí ẹ wá wọn lórí ProtonDB, níbi tí àwọn tó ń gbá a lórí Linux ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ má ṣe wo oyè tí wọ́n fún un nìkan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ láàárín oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí ẹ sì wá ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa gbígbá a pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi àwọn géèmù sílẹ̀ lórí dísìkì tí Windows ṣètò kí ẹ lè máa lò ó láti ìhà méjèèjì, nítorí pé Proton àti irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kì í rẹ́. Ẹ gbà wọ́n sórí dísìkì Linux lákọ̀tun.

Fún géèmù tuntun, Steam máa ń dá owó padà bí kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Wákàtí méjì kò tó nǹkan kan nínú géèmù ọgbọ́n-orí, nítorí pé lẹ́yìn wákàtí méjì ẹ lè má tíì kúrò ní ìlú kejì, gbogbo ohun tó sì máa ń bàjẹ́ ló jẹ́ pé ìparí ló ti ń bàjẹ́, nígbà tí àwòrán ayé ti kún, tí ìjọba ti pọ̀, tí memory sì ti fẹ́ tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi wákàtí yẹn bẹ̀rẹ̀ eré tuntun. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan tó wà lórí Windows fi eré tirẹ̀ tó ti dé àyè 300 ránṣẹ́ sí yín, ẹ ṣí i lórí Linux, ẹ pe ọ̀rẹ́ náà wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì jọ gbá àyè mẹ́wàá. Bí kò bá já yín, tí àyè kọ̀ọ̀kan kò sì pẹ́ ju bó ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lè tọ́jú géèmù náà. Bó bá já yín, ẹ gba owó yín padà lọ́jọ́ náà.